Ẹja àrọ̀ tó ń dúró ṣánṣán lójú omi: ẹ má tíì ra oògùn

Láti ìgbà tí ẹ̀rùn yìí ti mú, fídíò kan náà ni ẹ ń fi ránṣẹ́ sí mi láti Òtu, láti Ìpàpó, láti Igbójáyè, títí dé Ṣakí. Ẹja àrọ̀ nínú tapólì, wọ́n nàró bí igi ọgbà, orí lókè, ìrù nísàlẹ̀, ẹnu wọn kan ojú omi, wọn ò sì jẹun. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni pé, "Ọ̀gá àgírìkì, oògùn wo la máa lò?" Ìdáhùn mi kì í dùn mọ́ ẹnikẹ́ni nínú. Mo máa ń ní kí ẹ má tíì ra nǹkan kan, kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún mi ohun tó yí padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì sẹ́yìn.

Ẹni tí kò bá mọ ìṣe ẹja lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ yá, kò lè mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ ò yá. Àrọ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ epìyà. Lábẹ́ ẹ̀kẹ́ rẹ̀, lókè ibi tí gbogbo ẹja fi ń mí nínú omi, ohun kan wà níbẹ̀ tó pẹ̀ka bí igi kékeré. Òun ló fi ń gba afẹ́fẹ́ òkè tí àwa náà ń mí. Ìdí nìyẹn tó fi lè wà nínú ẹrẹ̀ nígbà tí odò bá ti gbẹ, tí epìyà á sì ti kú tán. Ìdí nìyẹn náà tí ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà fi ń gbé e láti àárọ̀ dalẹ́ nínú báàfù tí omi rẹ̀ ò ju ìka ọwọ́ kan lọ, tó ṣì ń ta pútúpútú. Nítorí náà, tí àrọ̀ bá yọ fìrí, tó gbé afẹ́fẹ́ mì lẹ́ẹ̀kan, tó sì yí padà wọ ìsàlẹ̀ lọ, kò sí nǹkan tó ṣe é. Àmọ́ tó bá gòkè tó dúró síbẹ̀, tí ọwọ́ yín kan omi tí kò sá, ó ní ohun tó ń lé e kúrò nísàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti màmá kan ní Kòmú ṣàlàyé. Ó ti gbà kí n sọ ọ́, ó ní kí n má ṣáà dárúkọ òun.

Gààrí àti èlùbọ́ ni màmá ń tà. Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ó yá owó nínú ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù wọn, ó fi ra tapólì, ọmọ ẹja 300 àti fíìdì. Táǹkì tapólì náà gùn ní mítà 3, ó fẹ̀ ní mítà 2, omi inú rẹ̀ sì ga tó mítà 1. Ìyẹn líítà 6,000. Ẹja ń dàgbà, inú màmá ń dùn. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún yìí, ó pè mí. Ẹja 11 ti kú, ìyókù ti nàró lójú omi, ọjọ́ tí ẹgbẹ́ máa gba owó wọn sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Kí n tó débẹ̀, dókítà mẹ́ta ti ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Àna rẹ̀ kan ní òórùn omi yẹn ló ń pa ẹja, pé kó da eérú sí i. Ṣebí eérú la máa ń dà sí ṣáláńgá tí òórùn rẹ̀ bá pọ̀? Ó da abọ́ eérú mẹ́ta sí i. Ẹni tó ń ta oògùn ẹran fún un ní kápúsù tetracycline, ogún ẹyọ, pé kó tú u, kó pò ó mọ́ omi. Ó ṣe ìyẹn náà. Dókítà kẹta ni kò fún un lóògùn, èyí tó sọ ló le jù. Ó ní ọmọ ilé kejì ti wá fa omi nínú kànga màmá, ike tó fi ń fín oògùn sí òdòdó kajú ló sì fi pọn ọ́n. Ó ní wọ́n ti ba kànga náà jẹ́, àti pé kì í ṣe ọwọ́ lásán.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ báyìí ṣe ń rìn. Lọ́jọ́ tí mo dé, ilé méjì tí wọ́n ti ń bu iná fún ara wọn láti ayébáyé ò kí ara wọn mọ́, wọ́n sì ti ń múra àtilọ bá Baálẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àwọn tó ń pè mí rò pé ẹja ni mò ń lọ wò. Mo mọ̀ pé tí n ò bá rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ náà, ìjà tí ẹja máa dá sílẹ̀ á ju ẹja lọ.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo débẹ̀. N ò kọ́kọ́ fọwọ́ kan omi. Mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi màmá léèrè.

Mo ní, "Màmá, ṣé ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe báyìí ni, àbí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà?" Ó ní gbogbo wọn ni, pé òun jí lọ́jọ́ kan, òun kàn rí i pé ọ̀pọ̀ ti gòkè. Èyí ṣe pàtàkì. Àrùn tó ń ràn sábà máa ń mú díẹ̀ ná: méjì lónìí, márùn-ún lọ́la, ẹ á sì rí egbò, tàbí funfun bí òwú lára wọn, tàbí ikùn wíwú. Àmọ́ tí 300 bá jọ dìde lọ́jọ́ kan náà, ohun tí gbogbo wọn jọ ń lò ló yẹ ká wò. Omi kan náà ni wọ́n jọ wà nínú rẹ̀. Fíìdì kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ.

Mo tún bi í pé ìgbà wo ló máa ń le jù lójúmọ́. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Tí ilẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, wọ́n máa ń rọlẹ̀. Àmọ́ tó bá ti tó aago mẹ́ta ọ̀sán, gbogbo wọn á dìde bí ẹ ṣe ń wò wọ́n yìí."

Mo fẹ́ràn ìdáhùn yẹn gan-an. Ẹ wò ó, omi tó ní àwọ̀ ewé bíi ti màmá yìí, ohun ọ̀gbìn tóótòòtó ló wà nínú rẹ̀. Ní alẹ́, àwọn náà ń mí, wọ́n ń jẹ atẹ́gùn tó wà nínú omi. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó bá jẹ́ atẹ́gùn ni kò tó, àárọ̀ kùtù ló máa ń burú jù, tí oòrùn bá yọ á sì sàn. Ti màmá yìí yí padà sí ìyẹn. Tí oòrùn bá mú, àwọn ohun ọ̀gbìn yìí á mú ohun kíkan inú omi kúrò, omi á wá máa lọ sí ọ̀nà ti omi eérú, ìyẹn ni pé pH rẹ̀ ń gòkè. Ohun tó ń yọ ẹja lẹ́nu lọ́sàn-án ju àárọ̀ lọ, tí pH ń ràn lọ́wọ́, amóníà ni mo kọ́kọ́ máa ń fura sí.

Ṣùgbọ́n ẹ ò lè sọ amóníà fún ẹni tó gbà pé wọ́n fún ẹja òun ní májèlé jẹ. Ọ̀rọ̀ kànga la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yanjú.

Mo wo dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń rọ omi kànga sí lẹ́yìnkùlé. Tanwíjí kún inú rẹ̀, wọ́n ń jó lọ jó bọ̀. Oògùn tí wọ́n ń fín sí kajú, kòkòrò ni wọ́n ṣe é fún. Ìwọ̀nba tó lè dá àrọ̀ ńlá lóró á ti pa tanwíjí ṣáájú. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn, àmọ́ kò tẹ́ màmá lọ́rùn, n ò sì bá a wí. Mo wá ní kí wọ́n gbé báàfù ńlá méjì wá. Mo ní kí wọ́n pe ọmọ ilé kejì yẹn, kó fúnra rẹ̀ wá fa omi nínú kànga náà lójú gbogbo wa. Báàfù kan, omi kànga. Báàfù kejì, omi inú táǹkì. A mú ẹja mẹ́ta-mẹ́ta, a fi wọ́n sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a fi àwọ̀n bò wọ́n, a sì jókòó ti wọ́n.

Nígbà tó fi máa di aago méje, àwọn mẹ́ta tó wà nínú omi kànga ti balẹ̀. Wọ́n ń fi irùngbọ̀n wọn ra ìsàlẹ̀ báàfù bí àrọ̀ ṣe máa ń ṣe. Àwọn ti inú omi táǹkì ṣì nàró. Màmá fi tọ́ọ̀ṣì wo báàfù àkọ́kọ́, ó wo ìkejì, ó tún padà wo ti àkọ́kọ́. Kò sọ nǹkan kan. Ó wọlé, ó gbé omi mímu jáde, ọmọ yẹn ló kọ́kọ́ gbé e fún kó tó kàn mí.

Ohun tí mo ṣe yìí ò gba ẹ̀rọ kankan. Ẹnikẹ́ni nínú yín lè ṣe é nílé, ó sì yẹ kí ẹ ti ṣe é kí ẹ tó pè mí. Tí ẹja bá ń ṣe dáadáa nínú omi mìíràn, inú táǹkì ni ọ̀rọ̀ wà. Tí kò bá yàtọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, ó ṣeé ṣe kó wà nínú ara ẹja fúnra rẹ̀, nígbà yẹn la tó lè máa sọ̀rọ̀ àrùn.

Kí ló wá yí padà nínú táǹkì? Kànga ni. Láti oṣù kìn-ín-ní omi inú rẹ̀ ti ń lọ sísàlẹ̀. Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, kò yẹ kí n ṣàlàyé ìyẹn fún yín, orí àpáta la wà. Màmá tó ń pààrọ̀ omi ní ọjọ́ méjì-méjì tẹ́lẹ̀ ti wá ń ṣe é ní ọjọ́ mẹ́fà. Láàárín àsìkò kan náà, ẹja ti dàgbà, fíìdì tó ń fún wọn sì ti tó kílò méjì ààbọ̀ lójúmọ́. Omi ń dín kù, oúnjẹ ń pọ̀ sí i. Kò ka méjèèjì pọ̀ mọ́ra, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé wọ́n tan mọ́ra.

Ibi tí wọ́n ti tan mọ́ra nìyí. Nínú kílò oúnjẹ ẹja kan, nǹkan bíi gíráàmù 30 ló máa padà sínú omi gẹ́gẹ́ bí amóníà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í gba inú ìgbẹ́ jáde, ibi tí ẹja fi ń mí ló ń gbà. Kílò méjì ààbọ̀ jẹ́ gíráàmù 75 lójúmọ́. Ní ọjọ́ mẹ́fà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlàjì kílò nínú líítà 6,000. Tó bá ti kún omi báyìí, èyí tó wà lára ẹja kò rí ibi jáde sí. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ti èèyàn mọ́ inú yàrá tí èéfín ti kún, ẹnu fèrèsé náà ló máa lọ. Ojú omi ni fèrèsé àrọ̀.

Eérú wá kó o bá wọn. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà, nítorí mo ti rí i níbi tó lé ní mẹ́ta lẹ́ẹ̀rùn yìí. Oríṣi amóníà méjì ló wà nínú omi, ọ̀kan ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, èkejì ni apani. pH ló ń pinnu bí wọ́n ṣe máa pín. Nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi tiwa, tó tó 28 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí pH bá jẹ́ 7, nínú amóníà 1,000, nǹkan bíi 7 péré ni apani. Tó bá di 8, apani á di nǹkan bíi 65. Tó bá di 9, ó ti lé ní 400. Amóníà ò pọ̀ sí i o, ó kàn yí padà di apani. Eérú àti láìmù ló sì máa ń gbé pH lọ sókè báyìí. Mo fi bébà ìdánwò tó wà nínú báàgì mi wo omi màmá, àwọ̀ rẹ̀ ti kọjá 8. Láìmù dára fún adágún tuntun kí ẹ tó kó ẹja sí i. Àmọ́ ẹ má da á sínú omi tó ti ń rùn, tí ẹja ti wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni eérú. Ṣáláńgá ò ní ẹja nínú.

Ti kápúsù náà ńkọ́? Lára ògiri tapólì, ohun kan wà tó máa ń yọ̀, tí ẹ máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ dànù. Àwọn kòkòrò àìfojúrí wà nínú rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan ń sọ amóníà di náítíráìtì, àwọn mìíràn ń sọ náítíráìtì di ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ lóró. Ó máa ń gbà wọ́n tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó fìdí múlẹ̀ nínú táǹkì tuntun. Tetracycline kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í béèrè èyí tó jalè. Tó bá wọnú omi, ó lè pa àwọn òṣìṣẹ́ yẹn pẹ̀lú. Mo la ẹ̀kẹ́ ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ibi tó yẹ kó pupa yòò ti ń dà bíi tíì Bournvita. Àmì náítíráìtì nìyẹn. Ó máa ń wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní lè gbé atẹ́gùn káàkiri ara mọ́, ẹja á máa gbé afẹ́fẹ́ mì, kò sì ní rí i lò.

Ohun tí a ṣe ò ṣòro, omi gbígbé ló nira. A dá oúnjẹ dúró fún ọjọ́ méjì. Màmá sunkún ìyẹn díẹ̀, ó ní ẹja òun á rù. Mo ní ẹja tó rù á tún sanra. A fi rọ́bà gígùn fa ìdá mẹ́ta omi kan jáde láti ìsàlẹ̀, níbi tí ẹ̀gbin wà, ìyẹn líítà 2,000. Kẹ́ẹ̀gì 80 nìyẹn, kànga màmá ò sì lè fún wa tó ogún lálẹ́ ọjọ́ kan. Kànga ilé kejì jìn ju tirẹ̀ lọ. Ọmọ tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀ yẹn ló fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé èyí tó pọ̀ jù, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin-mẹ́rin, títí di nǹkan bí aago mọ́kànlá òru. A ò rọ́ ọ sí i gbùà. A da omi gba inú ike tí a dá lu láti òkè, kó máa rọ̀ bí òjò, kó lè gba atẹ́gùn wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo omi kànga ẹ̀rọ, ẹ ṣe báyìí nígbà gbogbo, omi abẹ́ ilẹ̀ kì í sábà ní atẹ́gùn púpọ̀ nínú. A wá tú iyọ̀ kílò 6 sí i, kílò kan fún líítà 1,000, nítorí iyọ̀ máa ń dí ọ̀nà tí náítíráìtì ń gbà wọ ara ẹja. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ náà ni. Lọ́jọ́ kejì a tún pààrọ̀ ìdá mẹ́ta mìíràn, a sì dá iyọ̀ tó bá omi tuntun náà lọ padà sí i.

Ẹja mẹ́rin tún kú. Ní ọjọ́ kẹrin, mi ò rí èyí tó nàró mọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí màmá ò fẹ́ gbọ́. Ẹja ti pọ̀ ju omi tí kànga lè fún un lẹ́ẹ̀rùn, ó yẹ kó tà lára wọn. Àwọn tó ń yan ẹja ní Òtu ti ṣetán láti ra 100. Mo ní kó má tíì tà. Oògùn ti wọ ara ẹja. Ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bá fi oxytetracycline, tó jẹ́ ẹbí èyí tí màmá lò, sínú oúnjẹ ẹja, òfin wọn ní kí ọjọ́ 21 kọjá kí wọ́n tó pa á jẹ. Èyí tí màmá dà sínú omi ò ní òṣùwọ̀n kankan, nítorí náà n ò lè fún un ní kéré sí ìyẹn. Ó bínú sí mi. Ó ní ẹni tó ta kápúsù fún òun ò sọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni, kò sọ ọ́, ó sì yẹ kó sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn ẹran tí ẹ wà lórí pèèjì yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ iye ọjọ́ fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹja láti yan, ẹ máa béèrè. A gbẹ́ ihò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, a tẹ́ tapólì tí wọ́n fi ń sá àgbàdo sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a fọ̀ ọ́ dáadáa, a kó ẹja 100 sí i. Ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù náà fún un ní oṣù kan sí i lẹ́yìn tí mo bá a lọ síbẹ̀ lọ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìṣe àìdáa ẹja ló jẹ́ ti amóníà o. Tí ẹ bá rí i tó ń fi ara ha ògiri tapólì tó sì ń ta fìrí, ẹ wo ara rẹ̀ fún kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀. Tí orí rẹ̀ bá ń là, tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ń wọ́, fítámìn C inú fíìdì ni kí ẹ fura sí, pàápàá fíìdì tó ti pẹ́ nínú oòrùn, tàbí èyí tí ẹ lọ̀ fúnra yín. Tí kò bá jẹun rárá ní òwúrọ̀ ọyẹ́ àmọ́ tó ń jẹ lọ́sàn-án, òtútù ni, ẹ kàn sún àkókò oúnjẹ síwájú. Màá kọ nípa ọyẹ́ lọ́tọ̀ kí oṣù kọkànlá tó dé.

Nísinsìnyí màmá ń pààrọ̀ ìdá mẹ́ta omi ní ọjọ́ méjì-méjì, fíìdì sì ti dín kù sí kílò kan ààbọ̀ títí òjò á fi rọ̀. Omi àkọ́kọ́ tó ní iyọ̀ àti oògùn, a dà á sí ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbin nǹkan sí. Èyí tó ń jáde báyìí, ọmọ ilé kejì ló ń bù ú lọ sí oko tẹ̀tẹ̀ rẹ̀, ó sì ti ń mú ẹ̀fọ́ wá fún màmá.

Ẹni tó bá fẹ́ béèrè ti tirẹ̀ nísàlẹ̀ yìí, kó jọ̀ọ́ kọ bí táǹkì rẹ̀ ṣe tó, iye ẹja, iye fíìdì lójúmọ́, ọjọ́ tó pààrọ̀ omi kẹ́yìn, àti aago tó ya fídíò náà. Ẹ má gbàgbé aago yẹn.